Táǹkì Tí Wọ́n Ní Ó Ti Ṣófo

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ofatáìmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kàn wọ́n kí a tó parí. Ọ̀rọ̀ táǹkì epo ni. Ohun tí a ń sọ náà ni pé kò yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan tún wọ abẹ́ mọ́tò lọ tú táǹkì epo sílẹ̀ lórí kòtò iṣẹ́, ní òun nìkan, pẹ̀lú iná gílóòbù lọ́wọ́. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé iná wẹ́dà sún mọ́ táǹkì tó ti gba epo rí, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá ló pàṣẹ rẹ̀.

Àwọn mọ́tò sípọ́ọ̀tì àtijọ́ tó tún ti ń wọlé sí àwọn ilé iṣẹ́ wa ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn olówó ń wọ́ wọn jáde láti ẹ̀yìnkùlé bàbá wọn, níbi tí adìẹ ti ń yé sínú wọn, wọ́n sì ń fẹ́ kí a sọ wọ́n di tuntun. A kò bá wọn jà. Iṣẹ́ ni, owó sì wà níbẹ̀. MGB ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni a mọ̀ jù, àti nítorí pé táǹkì rẹ̀ ní ìwà kan tó yẹ kí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀.

Ìlú Abingdon, nítòsí Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe MGB láti ọdún 1962 títí di 1980. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Lẹ́tà M àti G yẹn dúró fún Morris Garages, ilé iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò tó sì ń tún un ṣe ní Oxford, kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹni bíi tiwa ni orúkọ náà ti wá. Ní oṣù kẹsàn-án 1979 ni British Leyland kéde pé iṣẹ́ MG yóò dópin ní Abingdon. Ní oṣù kẹwàá 1980, èyí tó gbẹ̀yìn jáde, àwọn òṣìṣẹ́ sì gba ilé lọ. Wọ́n ti lọ sílé, ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n ṣe ṣì ń rìn lójú títì, àwọn ènìyàn sì ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ tuntun fún títà, tó fi mọ́ táǹkì epo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí táǹkì tuntun yìí, nítorí a ó padà sí i.

Àwọn tó wá sí ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí wọn wà, nítorí ọwọ́ òsì títì ni à ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Èyí nìkan yóò sọ fún yín bí irin ọ̀hún ti pẹ́ tó nínú òjò.

Abẹ́ ilẹ̀ búùtù ni táǹkì rẹ̀ wà, lẹ́yìn pátápátá. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ń gba gálọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì 10, bíi lítà 45. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ń gba 12, bíi lítà 54. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín orí táǹkì àti ilẹ̀ búùtù. Inú àlàfo yìí ni ẹrẹ̀ tí táyà ń ta sókè ń kó sí, omi ń bá a níbẹ̀, kì í sì í gbẹ. Nítorí náà, láti orí ni táǹkì yìí ti ń dógùn-ún, tí yóò máa jẹ wá sísàlẹ̀. Ẹni tó ni mọ́tò yóò wí pé mọ́tò òun kò jò. Òótọ́ ló sọ: kò jò nígbà tí epo kò bá ju ìdajì lọ. Ọjọ́ tó bá rọ ọ́ kún ni òórùn epo yóò gba búùtù, yóò sì wọ inú ibi ìjókòó. Ọjọ́ náà ni yóò gbé e wá fún wa, pẹ̀lú táǹkì tó kún fọ́fọ́, tí yóò ní kí a bá òun wò ó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lítà epo 54 wúwo tó kílò 40, èyí tó sún mọ́ ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì kan. Epo inú táǹkì kì í sì í dúró jẹ́ẹ́ bíi sìmẹ́ǹtì. Bí bóòtì ẹ̀gbẹ́ kan bá já, epo yóò rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, táǹkì yóò sì ré lu àyà ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fa epo inú rẹ̀ tán kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtì kankan. Àwọn táǹkì kan ní nọ́ọ̀tì tí a ń ṣí nísàlẹ̀ kí epo fi dà, àwọn mìíràn kò ní. Lára èyí tí kò ní ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà. A ti rí i, ẹ̀yin náà ti rí i. Ẹni tó bá gbé epo bẹntiróòlù mì, ikùn nìkan kọ́ ni ewu rẹ̀ wà. Èyí tó bá ṣèèṣì gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń pa ènìyàn, kódà bí ó bá kéré. Pọ́ǹpù tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ kò wọ́n. Kí ilé iṣẹ́ rà á.

Kí ó tó di epo fífà pàápàá, bátìrì ni. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ó ń dẹ́ pàkúté fún àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lórí mọ́tò ayé òde òní. Gbogbo wa la mọ̀ pé okùn tó so mọ́ ara mọ́tò ni a ń kọ́kọ́ yọ, kí sípánà má baà kan irin kí iná sì ta pàrà. Lára mọ́tò òde òní, nẹ́gátíìfù ni okùn yẹn. Ṣùgbọ́n lára MGB tí wọ́n ṣe kí ó tó di ìparí 1967, pósítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara mọ́tò. Ọmọ tó bá lọ kọ́kọ́ tú nẹ́gátíìfù, bí wọ́n ti kọ́ ọ, tí sípánà rẹ̀ sì kan irin, iná yóò ta. Ibo ni bátìrì náà wà? Lẹ́yìn àga ìjókòó ni, lábẹ́ ìdérí kan; bátìrì méjì oní-fóòtì 6 ni títí di 1974. Ibẹ̀ kò jìnnà sí táǹkì tó ń rùn. Pọ́ǹpù epo rẹ̀ náà ń lo iná bátìrì. SU ni wọ́n ń pè é, òun ni ó máa ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Ìró yẹn, irin méjì kékeré tó ń pàdé tó ń túká nínú rẹ̀ ni, iná a sì máa ta láàárín wọn. Nítorí náà, bí òórùn epo bá ti wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ láti wò ó bóyá géèjì ń ṣiṣẹ́.

A fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa epo fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń bẹ̀rù ohun tí kò tó ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù. Epo olómi kọ́ ni ó ń jó. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ni ó ń jó. Afẹ́fẹ́ yìí ń jáde nígbà gbogbo, kò dúró de oòrùn. Kódà ní ilẹ̀ òtútù tí omi ti ń di yìnyín, ó ń jáde tó ohun tó lè gbiná. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, ibi tó bá sì rí kòtò ni yóò kó sí. Ẹ ronú kan kòtò iṣẹ́ wa. Ẹ ronú kan ẹni tó dúró sínú rẹ̀, tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ táǹkì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ epo tí ojú kò rí, tí gílóòbù sì so kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí gílóòbù náà bá bọ́, tó fọ́, ta ni yóò gun àkàbà jáde?

Bí a bá pín afẹ́fẹ́ inú ibì kan sí ọ̀nà 100, tí afẹ́fẹ́ epo sì wà nínú rẹ̀ láti bíi 1.4 sí 7.6, yóò gbiná bí ó bá ti rí ẹ̀tù iná. Bó bá kéré sí èyí, kò ní jó. Bó bá pọ̀ jù ú lọ, kò ní jó bákan náà, nítorí afẹ́fẹ́ tó dára kò tó níbẹ̀. Táǹkì tó kún, àyè afẹ́fẹ́ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n táǹkì tí a ti fa epo inú rẹ̀ tán, tí a ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ìta ń wọlé díẹ̀díẹ̀, òun gan-an ni ó ń bọ́ sí ìwọ̀n tó ń bú gbàmù. Èyí ni ìdí tí a fi ń bínú nígbà tí a bá gbọ́ kí ọ̀gá sọ pé, "Ẹ jó o, ó ti ṣófo." Ta ló sọ fún un pé ó ti ṣófo? Epo tó ti wà nínú mọ́tò tí a pa tì fún ọdún pípẹ́ á ti dì bíi gọ́ọ̀mù mọ́ ara irin àti sínú ojú ìránpọ̀ táǹkì. Ìgbà tí iná wẹ́dà bá mú irin náà gbóná ni gọ́ọ̀mù ọ̀hún yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Àwọn àgbà iṣẹ́ kan wà láàárín wa tí yóò sọ pé àwọn ti ń jó táǹkì láti ìgbà tí a kò tíì bí àwa, omi ni wọ́n sì ń rọ sí i. A bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọwọ́ wọn ni a ti kọ́ṣẹ́. Òótọ́ ni pé omi ń dín àyè kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n: láàárín omi àti epo, èwo ló ń léfòó? Epo ni. Ibo ni a sì sọ pé táǹkì MGB ti ń jẹrà? Lórí ni. Ìyẹn ni pé bí a bá rọ omi sí i, gbogbo epo tó ṣẹ́kù yóò gòkè wá péjọ sí abẹ́ ibi tí wẹ́dà fẹ́ fi iná sí gẹ́lẹ́. Ẹni tó ti ṣe é ní ìgbà 20 tí kò sí nǹkan tó ṣe é, orí rẹ̀ ló bá a ṣe é. A kò lè fi orí ènìyàn kọ ìlànà iṣẹ́.

Èyí tó tilẹ̀ ń bí wa nínú jù lọ ni ti bóòtì. Bóòtì tó ti wà nínú ẹrẹ̀ fún 50 ọdún kì í fẹ́ yí. Kí ni àwọn kan ń ṣe? Wọ́n ń mú iná gáàsì, wọ́n ń fi yan bóòtì lára táǹkì. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ dákun! Epo tí ń tú irin wà ní ọjà. Kí a fi sí i ní ìrọ̀lẹ́, kí a tún fi sí i ní òwúrọ̀, kí a sì fi í sílẹ̀. Èyí tí kò bá gbọ́, ayùn ọwọ́ ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn tí epo ti kúrò nínú táǹkì tí atẹ́gùn sì ti fẹ́ sí abẹ́ mọ́tò dáadáa. Ẹ̀rọ ayùn oníná tó ń ta iná pàràpàrà kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò gba ọjọ́ méjì. Kí ó gba ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ méjì yìí sì ni ìjà wa gan-an. Ìṣirò tí ọ̀gá ń ṣe fún oníbàárà ni wákàtí mẹ́rin, nítorí pé ó ti rí i nínú ìwé kan pé wákàtí mẹ́rin tó. Ìwé náà kò parọ́. Mọ́tò tuntun tí bóòtì rẹ̀ ń dán ni ó ń sọ. Bí wákàtí mẹ́rin bá ti kọjá, ojú yóò yí padà: wọn yóò ní ọmọ náà lọ́ra, wọn yóò ní àwọn kò ní san ofatáìmù. Ọmọ tó ń bẹ̀rù fún iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbé iná gáàsì, nítorí iná ló yá jù. Ẹ má ṣe bá ọmọ náà wí nìkan. Ẹni tó gé àkókò rẹ̀ kúrú ló gbé iná lé e lọ́wọ́. Nígbà tí a sọ èyí fún ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá, ilé iṣẹ́ tí a kò ní dárúkọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pín in bó ṣe yẹ: òun ló ń jẹ oyin, àwa ni a ń wo ẹnu àáké.

Ọ̀rọ̀ táǹkì tuntun náà nìyí. Wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń tà á, a lè fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e wá. Ẹni tó lè ra ọ̀dà pupa fún mọ́tò tó ti lé ní 50 ọdún, tó ń ra awọ tuntun fún àga rẹ̀, tó ń wá bọ́tìnì rédíò rẹ̀ káàkiri ayé, ẹni náà lè ra táǹkì. A kò gbọ́ rí pé oníbàárà sọ pé kí a fi aṣọ àtijọ́ lẹ àga òun. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé lórí táǹkì nìkan ni wọ́n ti ń ṣúnwó ná? Nítorí pé táǹkì kò hàn síta ni, àti nítorí pé ẹni tí yóò jó o kì í ṣe ọmọ wọn.

Òfin kò fi wá sílẹ̀ o. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti ọdún 1987 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ fi iná jó, tàbí fi iná gé, ohun èlò tó ti gba nǹkan tó lè gbiná rí, àfi bí a bá ti ṣe gbogbo ohun tó ṣeé ṣe láti mú nǹkan náà àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ kúrò, tàbí láti sọ ọ́ di ohun tí kò lè gbiná mọ́. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 náà wà, èyí tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú 100 owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù sí NSITF, kí owó lè wà fún ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin yìí ka ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. A tún un sọ: ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ lọ bèèrè ní ilé iṣẹ́ yín bóyá orúkọ àwọn ọmọ tó ń sùn sẹ́nu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀pù wà nínú ìwé náà. Àwa ti bèèrè ní ibi mélòó kan, ìdáhùn tí a gbọ́ kò dùn.

Ohun kan tún wà, ti epo tí a fà jáde. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù kárùn-ún 2023, kò sẹ́ni tó fẹ́ da epo nù. A mọ̀. Ṣùgbọ́n epo tó ti pẹ́ nínú mọ́tò tí a pa tì, tó ti ń rùn bí ọ̀dà, kò lè gbé ẹ̀rọ amúnáwá yín dáadáa, ó sì lè jó ilé. Kí á má ṣe rí kẹ́ẹ̀gì ike epo lẹ́yìn ilẹ̀kùn ibi tí ẹ ti ń jẹun mọ́. Agolo irin tó ní ìdérí ni kí a gbà á sí, ní ìta, jìnnà sí ibi tí wẹ́dà wà.

Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀, a ó béèrè kí ẹ fọwọ́ sí i pé ìta gbangba ni a ó ti máa yọ táǹkì epo, kì í ṣe lórí kòtò. Pé ènìyàn méjì ni yóò máa ṣe é, ọ̀kan lábẹ́ mọ́tò, ọ̀kan tó dúró ti ẹ̀rọ apaná tó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé kọ́ ògiri láti fi han àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Pé a kò ní jó táǹkì epo mọ́ láéláé, táǹkì tuntun ni oníbàárà yóò rà. Àti pé gbogbo wákàtí tí iṣẹ́ náà bá gbà ni a ó san owó rẹ̀. Àwọn kan yóò ní a ń lé oníbàárà lọ. Èyí tó bá lọ nítorí pé a kò fẹ́ jó táǹkì rẹ̀, kí ó máa lọ.

Bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni nínú yín kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kí ó má bá ọ̀gá jà, kí ó má sì fọwọ́ kan mọ́tò náà. Kí ó wá rí wa ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. A ti kọ lẹ́tà sílẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan ló kù tí a ó fi sí i.